Agora Kos: Gbàgede Tí Wọ́n Rí Lẹ́yìn Tí Àdúgbò Orí Rẹ̀ Pòórá

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1933, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ilẹ̀ mì tìtì ní Kos, erékùṣù kan tó kọjú sí etíkun Tọ́kì nínú òkun Aegean. Agbára ìmìtìtì náà tó 6.6 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, iye òkú ti ń sún mọ́ 200, àwọn tó fara pa sì pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ibi tó burú jù ni ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn èbúté, èyí tí odi yí ká, tí ọ̀nà rẹ̀ há, tí ilé fara ti ilé débi pé bí ọ̀kan bá wó, ó máa wó lu èkejì.

Abẹ́ ìjọba Ítálì ni Kos wà nígbà náà. Àwọn aláṣẹ pinnu pé wọn kò ní tún ìlú inú odi yẹn kọ́ mọ́. Wọ́n kó àwókù kúrò, àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí yàrá àti àgbàlá wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kan agora, ìyẹn gbàgede ọjà ìlú náà láyé àtijọ́, tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ohun tó lé ní 1,300 ọdún. Kí gbàgede tó sọnù yẹn tó lè fojú hàn, àdúgbò tó wà lórí rẹ̀ ní láti pòórá. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣètò ìlú, fún àwọn awalẹ̀pìtàn, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sínú ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò ohun tí wọn yóò ṣe sí àdúgbò tó wó. Ìpinnu Kos tọ́ síbì kan, ó ṣì ẹsẹ̀ gbé síbòmíràn, ó sì yẹ ká mọ ìkan yàtọ̀ sí ìkejì.

Bí gbàgede náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 366 ṣáájú ìbí Kírísítì, àwọn ará erékùṣù náà kó olú ìlú wọn kúrò ní Astypalaia ní apá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n gbé e wá sí ìpẹ̀kun ìlà oòrùn níbi tí èbúté tó dára wà. Wọ́n la ìlú tuntun náà pẹ̀lú òpópónà tó gún régé, tí ọ̀kan ń dábùú èkejì, wọ́n sì fi agora sí ẹ̀yìn èbúté gan-an. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní rìn jìnnà kó tó dé ọjà, kò sì ní tíì kúrò lọ́jà kó tó kan ilé òrìṣà. Bí ọjà ọba ṣe máa ń wà lójúde ààfin nílẹ̀ wa ló rí, àfi pé níbẹ̀, òkun ló wà ní ipò ààfin.

Ọjà tó ń kọjá níbẹ̀ pọ̀. Wáìnì Kos lókìkí, wọ́n máa ń po omi òkun mọ́ ọn, Cato ará Róòmù sì kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ sílẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n ń fi kó wáìnì náà lọ sókè òkun ní àmì kan tí kì í ṣì í mọ̀: ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá amọ̀ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó fi jẹ́ pé awalẹ̀pìtàn tó bá rí èkúfọ́ ọwọ́ ìkòkò bẹ́ẹ̀ máa ronú kan Kos lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aṣọ wọn tún wà, tó fẹ́lẹ́ débi pé ara ń hàn nínú rẹ̀, tí àwọn ará Róòmù sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí.

Létí èbúté, ẹ̀gbẹ́ agora, ni ilé òrìṣà Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́ àwọn Gíríìkì, wà, méjì tó jókòó ti ara wọn. Àwọn òkúta tí wọ́n fín òfin ilé òrìṣà náà sí ṣì wà. Ó wà níbẹ̀ pé obìnrin tó bá relé ọkọ gbọ́dọ̀ wá rúbọ kí ọdún kan tó yí po, pé àwọn oníṣòwò àti ọlọ́kọ̀ tó ń ti ìlú náà wa ọkọ̀ jáde náà ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ san. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo òkúta yìí, torí òun ló jẹ́ ká mọ ohun tí gbàgede jẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ògiri ṣe ga tó tàbí iye òpó. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wá ló ń sọ, ìgbà tó gbọ́dọ̀ wá, àti ohun tó gbọ́dọ̀ mú dání. Bí ẹ bá mú àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn kúrò, ilẹ̀ gbalasa lásán ló kù.

Ilẹ̀ mì ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kírísítì, agora wó, wọ́n tún un kọ́. Ó tún mì ní 469. Wọ́n ṣì ń padà. Èyí fi hàn pé ìmìtìtì nìkan kọ́ ló ń pa gbàgede. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń gúnlẹ̀, tí wọ́n ṣì ń rà tí wọ́n ṣì ń tà, àwọn èèyàn á wá owó tún ògiri mọ.

Ohun tí Agathias rí

Ti 554 ló yàtọ̀. Agathias, amòfin tó tún ń kọ ìtàn, ń ti Alexandria bọ̀ wá sí Constantinople, ọkọ̀ rẹ̀ sì yà ní Kos láìpẹ́ lẹ́yìn ìmìtìtì ọ̀hún. Ó kọ ohun tó rí. Gbogbo ìlú ti di òkìtì, òpó àti igi àjà fọ́n ká sílẹ̀, òkun ti ru sókè ó sì ti gbé àwọn ilé etíkun lọ. Àwọn èèyàn díẹ̀ tó kù ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìbànújẹ́ lójú wọn, omi mímu ti bàjẹ́. Ó ní kò sí ohun iyì kan tó kù fún wọn mọ́ ju orúkọ Hippocrates, baba ìṣègùn tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé níbi tí ilẹ̀ ti ń mì rántí: àwọn ilé tí wọ́n fi amọ̀ àti bíríkì tí wọn kò sun kọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró. Ilé òkúta àwọn ọlọ́lá, tó ga tó sì wúwo, ló wó pa onílé.

Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò tún agora kọ́. Ẹnu èbúté ti bàjẹ́, owó ti tán, nígbà tó sì di ọ̀rúndún keje, ọkọ̀ ogun Lárúbáwá ti ń já wọ inú Aegean, kò sì bójú mu mọ́ láti máa gbé létí omi láìsí odi. Iyanrìn àti àwókù bo gbàgede náà. Àwọn tó wá lẹ́yìn kò mọ̀ ju pé òkúta rere wà nílẹ̀ tí wọ́n lè kó lò.

Wọ́n sì kó o lò. Àwọn ajagun ìsìn St. John, tí ibùjókòó wọn wà ní erékùṣù Rhodes, gba Kos ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Wọ́n mọ odi yí apá kékeré kan nínú ilẹ̀ ìlú àtijọ́ ká, lẹ́yìn èbúté, wọ́n sì kọ́ ilé olódi Neratzia sí ẹnu omi. Ẹni tó bá ń wo ògiri ilé olódi yẹn lónìí á rí i pé òpó mábù àti òkúta tí wọ́n fín ọnà sí wà láàárín òkúta lásán. Ilé òrìṣà àti ilé ọjà àná ni. Ní 1523, àwọn Ọ́tómánì gba erékùṣù náà. Àwọn Gíríìkì, àwọn Tọ́ọ̀kì àti àwọn Júù jọ ń gbé ìlú náà títí di ọ̀rúndún ogún. Lójúde ilé olódi ni igi plane ńlá wà, èyí tí wọ́n sọ pé Hippocrates kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Igi náà kò tó ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 500 ọdún ni wọ́n fún un, inú rẹ̀ ti ṣófo, irin ni wọ́n fi gbé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ró. Mọ́sálásí tí Gazi Hasan Pasha kọ́ ní 1786 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi tí agbada rẹ̀ jẹ́ pósí òkúta ayé àtijọ́. Bí ìlú yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìran dé ìran: ohun tí ayé kan fi sílẹ̀, ayé kejì á rí ìlò fún un.

Ìpinnu ọdún 1933

Lẹ́yìn ìmìtìtì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú Gómìnà Mario Lago àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè tún ìlú inú odi kọ́ bó ṣe wà. Wọ́n lè tún un kọ́ kí wọ́n sì fẹ ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n sì lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n walẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n mú.

Ìdí mẹ́ta ló tì wọ́n síbẹ̀, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni ààbò. Ọ̀nà há, ògiri wúwo, ilé ti darúgbó, ẹ̀mí sì ti lọ. Kò sí ẹni tó lè jiyàn sí ìdí yìí. Èkejì ni ìfẹ́ ọkàn àwọn awalẹ̀pìtàn. Rudolf Herzog, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ti walẹ̀ ní erékùṣù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì rí Asklepieion, ilé ìwòsàn àti ilé òrìṣà tó wà lẹ́yìn ìlú, ní 1902. Ṣùgbọ́n nínú ìlú fúnra rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ilé àti ilé nìkan ni èèyàn lè gbẹ́. Luciano Laurenzi, ará Ítálì, ti rí odeon, ìyẹn gbọ̀ngàn orin ayé àtijọ́, ní 1929. Wọ́n mọ̀ pé ohun ńlá wà nísàlẹ̀, àmọ́ onílé wà lórí rẹ̀. Ìdí kẹta ni ti ìṣèlú: ìjọba Mussolini, aláṣẹ Ítálì nígbà náà, ń wá ẹ̀rí pé àwọn ni àrólé Róòmù, gbogbo òpó ayé Róòmù tó bá sì jáde nílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí fún wọn, ó tún ń fa arìnrìn-àjò afẹ́.

Lójú tèmi, ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọ́n kó ìdí mẹ́ta sínú àpò kan, wọ́n sì fi ààbò ṣe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún onílé tó ń sunkún òkú pé nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni a kò ṣe ní jẹ́ kó padà, kí ló fẹ́ wí? Ààbò kò béèrè ju kí ọ̀nà fẹ̀ kí ògiri sì fúyẹ́. Wíwá agora ló béèrè pé kí àdúgbò má sí níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ìjọba àjèjì ló sì ń pàṣẹ, kò sí ilé aṣòfin kan tí àwọn ará erékùṣù lè gbé ẹjọ́ yìí lọ.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má walẹ̀ o. Ohun tó jáde níbẹ̀ níyì gan-an: ọ̀kan nínú àwọn agora tó tóbi jù tí a mọ̀ láyé Gíríìkì, ilé òrìṣà Aphrodite àti ti Herakles, ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́ lé ibi mímọ́ etí èbúté. Láìsí iṣẹ́ yẹn a ò ní mọ ìdajì ohun tí mo kọ sókè. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Laurenzi ló bẹ̀rẹ̀, Luigi Morricone tẹ̀ lé e, láàárín 1935 sí 1943. Kí wọ́n tó kan agora, wọ́n ní láti gba inú ilé ayé Ọ́tómánì kọjá, ti àwọn ajagun St. John, ti Byzantium, ìyẹn ìjọba Róòmù ti ìlà oòrùn. Ojú ayé Gíríìkì àti Róòmù ni wọ́n ń wò. Èyí tó wà lókè wọn jẹ́ erùpẹ̀ lójú wọn. Apá kan odi náà dúró, àti ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Foros, àwókù díẹ̀ sì kù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyókù, ibi tí ìdílé kan ń dáná sí, ẹnu ilé tí obìnrin kan ti ń tajà, a kò lè tún kà á mọ́, torí ilẹ̀ tí a bá ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ṣe é gbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ogun sì dá iṣẹ́ náà dúró kó tó parí. Morricone tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1950, ìròyìn àkọ́kọ́ lásán ni, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí sì wà láìtẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Gbàgede tuntun

Ibi tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n. Wọn kò gbé ojúkò ìlú lọ sí ibi jíjìnnà. Lẹ́nu Foros gan-an, níta odi, níbi tí mọ́sálásí Defterdar ti wà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni wọ́n tẹ́ gbàgede tuntun sí. Rodolfo Petracco, ayàwòrán ilé, kọ́ ilé ọjà síbẹ̀, ó sì kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjú sí i. Wọn kò wó mọ́sálásí náà. Nítorí èyí, ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú kò ní láti kọ́ ọ̀nà tuntun: ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ jáde láti inú odi wá sọ́jà náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀. Láàárín gbàgede yẹn, ní apá mẹ́ta, ẹ rí ibi ìtajà, ibi ìkírun àti ibi ìrántí. Ó ní ìdí tí Mùsùlùmí fi máa wá, ìdí tí ìyá ọlọ́jà fi máa wá, ìdí tí àlejò fi máa wá.

Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà ni iṣẹ́ ọnà kan wà nílẹ̀ àgbàlá, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ṣe láyé Róòmù. Hippocrates jókòó lápá kan. Láàárín, Asklepios, òrìṣà ìwòsàn, ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Lápá kejì, ará Kos kan nawọ́ sókè, ó ń kí i káàbọ̀. Kò sí àwòrán tó tún lè sọ ohun tí gbàgede etí èbúté wà fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ àsìkò tí wọ́n tẹ́ gbàgede náà kò rọrùn. Ní 1936 Cesare Maria De Vecchi rọ́pò Lago, ó sì fi agbára fẹ́ sọ gbogbo èèyàn di ará Ítálì, pàápàá nínú ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Kos, wọ́n sì pa nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun Ítálì. Ní oṣù Keje ọdún 1944, wọ́n kó àwọn Júù Kos, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, wọ́n kó wọn gba Rhodes lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Násì ti ń pa àwọn Júù. Sínágọ́gù wọn wó nínú ìmìtìtì 1933. Wọ́n tún un kọ́ fún wọn ní 1935, ilé tó rẹwà ni, ẹ̀bá ilẹ̀ agora ló wà títí dòní. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò ó. Nínú gbogbo ìtàn Kos, ibí ni mo ti máa ń dúró jù. Wọ́n tún ilé kọ́ dáadáa, kò sì sí ẹni tó kù láti jọ́sìn nínú rẹ̀.

Kos bọ́ sọ́wọ́ Gíríìsì lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà Páríìsì ti 1947. Gbàgede tuntun náà ń jẹ́ Eleftherias báyìí, ìyẹn Òmìnira.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2017, ní nǹkan bí aago kan àbọ̀, ilẹ̀ tún mì, agbára rẹ̀ tún tó 6.6. Èèyàn méjì kú, ibi ìgbafẹ́ kan tí ògiri rẹ̀ wó ni wọ́n wà. Etí èbúté sán. Ilé gogoro mọ́sálásí Defterdar, èyí tí ladáni ń gùn pèrun, wó lulẹ̀ sí gbàgede. Méjì ni òkú lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan bí 200 ni ti ìjọsí, bẹ́ẹ̀ agbára kan náà ni. Ọ̀nà tó fẹ̀ àti ilé tó fúyẹ́ kópa nínú ìyàtọ̀ yẹn, a kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn du àwọn tó ṣètò ìlú ní 1934. Àwọn èèyàn sá jáde sí ìta gbangba, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọdún méjì ṣáájú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2015, àwọn tó ń sá fún ogun Syria àti àwọn orílẹ̀-èdè míì gun ọkọ̀ rọ́bà láti etí òkun Bodrum wá sí Kos, etí èbúté náà ni wọ́n tẹ́ ẹní sí.

Fún ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá já lé lọ́wọ́

Ẹ ya ìpinnu sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tó sọ pé kí wọ́n má tún ilé kọ́ nítorí ààbò gbọ́dọ̀ sọ irú ilé àti irú ọ̀nà tó léwu, kí ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ ìwé tirẹ̀, kí onílẹ̀ sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bi í nìyẹn, kí owó gbà-má-bínú rẹ̀ sì bá a mu. Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjálù ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ ìpinnu kíákíá, ìgbà yẹn gan-an sì ni onílé kò ní ohùn.

Kí katakata tó ń kó àwókù tó dé, ẹ lọ bá àwọn àgbà àti àwọn ìyálọ́jà nínú àgọ́ tí wọ́n sá sí. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń jókòó síbo, ọjọ́ wo, kí ló ń tà, ọ̀nà wo ni òkú máa ń gbà kọjá, ibo ni ìyàwó máa ń dúró sí. Ẹ yà á sórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn ará Kos ayé àtijọ́ fín tiwọn sára òkúta, a sì ṣì ń kà á. Ti àwọn tó wà níbẹ̀ ní 1933, ẹni tó ń walẹ̀ kò ka èyí sí iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ilẹ̀ tí ẹ bá máa gbẹ́, ẹ fi apá kan sílẹ̀ láìgbẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi irinṣẹ́ tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ń tẹ́ gbàgede tuntun, ẹ wá ẹnubodè tí ẹsẹ̀ ti mọ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹnu rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ní Foros.

Owó ìtẹ̀jáde sì ńkọ́? Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ya owó ìwalẹ̀ sọ́tọ̀, sínú àpò míì tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ra epo sí ẹ̀rọ. Ogun lè dé, ìjọba lè yí, ọ̀gá iṣẹ́ lè kú. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, àwòrán àti nọ́ńbà ohun tí ẹ bá rí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà nínú ìlú tí wọ́n ti rí i, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.